Odídẹrẹ́ Abẹ́ Agbádá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erin, ó sì dá lórí Odídẹrẹ́ tí kì í gbọ́ kó má wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́, ẹ má wojú ara yín. Ẹranko ni mò ń sọ o, n ò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ní ìlú àwọn ẹranko, àwọn òṣèré mẹ́ta kan wà: Agbe, Àlùkò àti Lékeléke. Agbe ló ń rẹ aṣọ eré láró. Àlùkò ló ń fi osùn kunjú. Lékeléke ló ń fi ẹfun sàmì síbi tí kálukú máa dúró sí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń múra eré kan. Wọ́n á yá owó aṣọ, wọ́n á yá owó ìlù, wọ́n á bọ́ àwọn onílù. Tí eré bá pé, wọ́n á jáde sójúde ọjà lálẹ́. Owó ẹyọ 40 lẹni tó fẹ́ wòran ń san. Ewúrẹ́ á san, Eku á san, Àdàbà tó ń ta ẹ̀kọ á san.

Ó ṣe, Erin dé. Ó ní eruku ojúde ọjà pọ̀, ẹ̀fọn pọ̀. Ó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, ó to tìmùtìmù sínú rẹ̀. Ó fi Ẹtu méjìlá sídìí abẹ̀bẹ̀, gbọ̀ngàn wá tutù bí àárọ̀ ọyẹ́. Inú àwọn òṣèré dùn. Wọ́n ní, "Baba Erin, ẹ ṣeun." Erin ní kò tọ́pẹ́, ìdajì owó ẹnu ọ̀nà ni tòun. Wọ́n gbà.

Lọ́dún kìíní, 40 di 200. Lọ́dún kejì, 200 di 1,000. Lọ́dún kẹta, 1,000 di 2,000. Tí wọ́n bá béèrè ìdí, Erin á ní epo àtùpà ló gbówó lórí. Ìmàdò ló ń ṣọ́nà, ó ń tú àpò wò. Ewúrẹ́ mú ẹ̀pà dání, Ìmàdò gbà á. Ó ní, "A kì í gbé oúnjẹ wọ ibí." Bẹ́ẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, ìyàwó Erin ń ta gúgúrú, owó igbá kékeré kan ju owó ẹnu ọ̀nà lọ. Ewúrẹ́ wo ọmọ mẹ́ta tó kó lẹ́yìn, ó wo owó ọwọ́ rẹ̀. Bó bá san èyí, kí ni wọ́n á jẹ di ọjọ́ ọjà? Ó kó ọmọ rẹ̀, ó padà sílé.

Ìjàpá wà lábẹ́ igi, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ibi tí omijé Ewúrẹ́ bá kán sí, owó wà níbẹ̀."

Ó gba ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́ lọ. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí etí rẹ bá gbọ́, ṣé ẹnu rẹ lè wí i?"

Odídẹrẹ́ ní, "Bó ṣe rí ni mo ṣe ń wí i. N kì í bù kún un, n kì í yọ níbẹ̀."

Ìjàpá ṣèlérí ẹyìn ọ̀pẹ fún un. Ó wọ agbádá ńlá, ó gbé Odídẹrẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó san 2,000, ó lọ jókòó nítòsí ibi tí Erin ti ń ka owó. Ìlù dún. Agbe dá orin:

Agbe ti gbé aró dé o.
Ṣaworo, máa dún.
Àlùkò gbé osùn dé o.
Ṣaworo, máa dún.
Lékeléke gbé ẹfun dé o.
Ṣaworo, máa dún.

Ilẹ̀ ò tí ì mọ́ tí Ìjàpá ti gbé Odídẹrẹ́ sẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Eré tuntun dé! Owó ẹyọ 10 péré!" Odídẹrẹ́ la ẹnu. Ohùn Agbe jáde, ohùn Àlùkò jáde. Ikọ́ Ìkookò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá ní gbọ̀ngàn náà ò gbẹ́yìn:

Agbe ti gbé aró dé o.
Ṣaworo, máa dún.
Húkọ̀, húkọ̀! Ìkookò, gbé ikọ́ rẹ jáde!
Ṣaworo, máa dún.
Tẹ orí ba, o dí mi lójú!
Ṣaworo, máa dún.

Kò sẹ́ni tó bínú. Owó ẹyọ 10 ṣáà ni. Ewúrẹ́ san, àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Eku san. Àdàbà san.

Owó ń wọlé, ojú Ìjàpá ò kúrò lára owó. Ó kó odídẹrẹ́ 20 jọ, ó ní kí ti àkọ́kọ́ kọ́ wọn. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí òrùlé. Ó ní, "Ẹ máa wòran lórí ẹní yín, ọ̀fẹ́ ni!" Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Tí eré bá dé ibi tó dùn, odídẹrẹ́ á dánu dúró, á figbe bọnu: "Ẹ wá ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀bọ! Ẹ wá ra àgúnmu lọ́dọ̀ Ọ̀kà!" Ọ̀bọ ń sanwó fún Ìjàpá, Ọ̀kà ń sanwó fún Ìjàpá. Bí àwọn òǹwòran bá sì ti gbójú sókè, Ẹ̀lírí á rá pálá sábẹ́ ẹní, á gé okùn àpò wọn. Tó bá di àárọ̀, ẹni tó wòran lọ́fẹ̀ẹ́ á wá owó rẹ̀ tì. Ìdámẹ́ta ohun tí Ẹ̀lírí bá rí, ti Ìjàpá ni.

Gbọ̀ngàn Erin wá ń dá. Erin ò dín owó, ńṣe ló fi 500 kún un. Agbe lọ gba ìpín rẹ̀. Ó ti fojú ara rẹ̀ ka orí 60 nínú gbọ̀ngàn, owó orí 20 ni Erin pín fún un. Erin ní, "Ará ìlú ò jáde." Àwọn tó yá wọn lówó ń kanlẹ̀kùn. Àlùkò tú ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tà á. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ń gbè é pé "Ṣaworo, máa dún", kò sí ohun tó ń dún mọ́.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Kìnnìún. Kìnnìún bú ramúramù. Ó ní, "Olè ò ní gbé ìlú mi!" Ó yan ìgbìmọ̀. Ta ló fi ṣe alága? Ìjàpá ni o! Wọ́n ní ó gbọ́n, ó mọ ọ̀nà olè. Ní ọjọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ mú Àdàbà. Kí ló ṣe? Ó ń kọ orin Agbe bó ti ń kiri ẹ̀kọ. Wọ́n dáná sun igbá ẹ̀kọ rẹ̀ ní gbangba, ìlú pàtẹ́wọ́, Ìjàpá gbowó ìgbìmọ̀.

Ọjọ́ ọdún ọba pé. Kìnnìún ní kí Agbe wá ṣeré tuntun láàfin. Alága ìgbìmọ̀ jókòó níwájú. Eré ààfin tí ẹnikẹ́ni ò tí ì rí, èló ni kò ní pa? Ojú kòkòrò ò jẹ́ kó fi Odídẹrẹ́ sílé. Abẹ́ agbádá náà ló tún gbé e sí.

Eré parí, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Kìnnìún ní, "Alága, jábọ̀ iṣẹ́ rẹ."

Kí Ìjàpá tó dìde, Odídẹrẹ́ ti rò pé ẹ̀yìnkùlé làwọn wà. Ó la ẹnu. Ohùn Ìjàpá ló kọ́kọ́ jáde: "Yánníbo, kó owó yìí sábẹ́ ìkòkò omi. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé owó ẹ̀fọ́ ni."

Ohùn Yánníbo dáhùn: "Olówó orí mi, abẹ́ ìkòkò ti kún."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá fún agbádá mọ́ra, Odídẹrẹ́ ò dákẹ́. Ohùn Erin jáde: "Orí 60 ló wọlé. Kọ 20 sílẹ̀ fáwọn ẹyẹ yẹn." Erin fi etí méjèèjì bo ojú.

Ohùn mìíràn tún jáde, ohùn tó ń milẹ̀: "Ìjàpá, mú eré tó jáde lánàá wá fáwọn olorì lálẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ààfin ni kó o gbà, má jẹ́ káráyé rí ọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kìnnìún wòkè, ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹyẹ yìí ń parọ́."

Odídẹrẹ́ ní, "Ẹyẹ yìí ń parọ́." Ohùn kan náà ni.

Ìdájọ́ ò pẹ́. Wọ́n tú abẹ́ ìkòkò Yánníbo, wọ́n kó owó ibẹ̀ fún Agbe kó fi san gbèsè. Wọ́n da kùmọ̀ bo Ìjàpá títí ó fi fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Títí dòní, bó bá gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, orí ló máa ń fà wọlé. Erin ńkọ́? Wọ́n ní kó lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Kìnnìún ńkọ́? Ẹ̀yin náà, ta ni yóò mú ọba?

Agbe kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sójúde ọjà. Owó ẹyọ 60 ni wọ́n ń gbà báyìí. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé, òun àtọmọ mẹ́ta, ẹ̀pà kún àpò wọn.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó fi owó gọbọi ti ilẹ̀kùn, olè ló ń ṣí fèrèsé fún. Ó tún kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ra ẹrù olè, kó máa ṣọ́ ẹnu ẹyẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó, pó, pó! Ẹ gbọ́ bó ti ró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ tún un pa nílé, ẹ san tèmi kẹ́ ẹ tó dìde. Èmi náà jẹ gbèsè ìlù.