Ẹṣin Akẹ́kọ̀ọ́ ní Kirikiri

Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní Àpápá, ọ̀rọ̀ ẹṣin ti fẹ́ máa ní láárí létí ọmọ tó ń ti ibẹ̀ lọ kàwé ní LASU. Ẹṣin kì í ra epo, àbí?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹṣin tó wọn 400 kílò á jẹ koríko gbígbẹ bíi kílò 8 lójúmọ́. Omi ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà kan lè má tó o. Koríko wo ló sì wà ní Kirikiri Lighter Terminal? Kọ̀ǹténà àti tírélà ni. Ẹ so ó mọ́ ẹnu géètì, àwọn ọmọ àdúgbò á dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì: "Ọ̀gá, owó páàkì dà?"

Àwọn ará Polo Club Ìkòyí ti ń gẹṣin láti 1904, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin wọn. Ìwọ tí ẹ̀yin mẹ́rin ń pín yàrá kan ńkọ́? Byron, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, sin béárì nígbà tó ń kàwé ní Cambridge nítorí pé wọn ò gbà á láyè láti sin ajá. Ọmọ olówó nìyẹn.

Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lọ́nà Àpápá, tírélà iwájú ni tẹ̀yìn ń wò dúró, ẹṣin rẹ náà á sì dúró tì wọ́n.

Àbúrò, wọ dáńfó Mile 2, kó o tètè jáde nílé.