Kóòṣì Ìjọba-Ò-Lè-Fọwọ́-Kàn-Án

Kò sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ta dátà tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ní Bódìjà, ó wà ní Ìkẹjà. Bó bá sì ti jápa, ẹ óò bá a ní Peckham, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí Telegram lóru. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ eré tó ń kọ́ni gan-an. Iná róbótó àwọn oníTikTok ń tàn sí i lójú, kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fi ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ ewé hàn, èyí tí kì í wò rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yàtọ̀: báǹkì ti kú, náírà ti di ewé, kírípítò nìkan ni owó tí ìjọba ò lè fọwọ́ kàn. “Kò lọ́ba, kò níjòyè,” ni yóò wí, á na ìka sókè bí ajíhìnrere. Bí ẹnìkan bá béèrè pé ta la máa bi bí owó bá sọnù, á rẹ́rìn-ín, á ní ọpọlọ tálákà ló ń da onítọ̀hún láàmú. Ó yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò dáadáa, nítorí ó jọ pé ọba kọ́ ló kórìíra. Ọba tí aráàlú lè bi léèrè ni kò fẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ìlú aláìlọ́ba náà. Lóòótọ́, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto, tó gbé ètò Bitcoin jáde lọ́dún 2008, fẹ́ kí àwọn tí kò mọra lè fowó ránṣẹ́ síra wọn láì gba ọ̀dọ̀ báǹkì kọjá, iṣẹ́ náà sì ń lọ bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ohun tí Kóòṣì ń tà kì í sábà jẹ́ Bitcoin. Lọ́dún 2016, lórí Ethereum, ètò kírípítò míràn, olè kan rí àléébù nínú àpò ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní The DAO, ó sì kó bíi mílíọ̀nù 3.6 ether. Àwọn tó ni ìlú náà ti máa ń sọ pé ohun tí a bá ti kọ sínú kọ̀ǹpútà ni òfin, kò ní àyípadà. Kí ni wọ́n wá ṣe? Àwọn àgbà ibẹ̀ jókòó, wọ́n forí korí, wọ́n dìbò, wọ́n sì yí ìwé owó padà kí ẹrù lè bọ́ lọ́wọ́ olè. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn yapa, ìyẹn ló bí Ethereum Classic. Ìpàdé ìjòyè ni ìyẹn o, ààfin nìkan ni kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2022, kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ló ń ṣọ́ owó ètò kírípítò Ronin. Olè rí márùn-ún kó, ó sì gbé ohun tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là. Lóṣù kẹrin ọdún kan náà, ẹnìkan yá owó ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó fi kó ìbò jọ nínú ètò kan tó ń jẹ́ Beanstalk, ó dìbò pé kí wọ́n kó owó ilé fún òun, ètò náà sì gbọ́ tirẹ̀. Àwọn olóṣèlú wa tí ń pín ìrẹsì lọ́jọ́ ìdìbò ṣì ní ohun tí wọ́n máa kọ́.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti ọjà kírípítò Bybit, lóṣù kejì ọdún 2025. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ gbé owó láti àpò kan sí òmíràn, ó sì di dandan kí ó ju ẹnìkan lọ tí yóò fọwọ́ sí i. Wọ́n wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n rí àdírẹ́sì tó yẹ kí wọ́n rí, wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí: olè ti gba inú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń bójú tó ètò ìbuwọ́lùwé náà wọlé, ó ti pààrọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ. Nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ló lọ, FBI sì ní North Korea ló wà nídìí rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó fọ́ blockchain, ìyẹn ìwé owó orí kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ èèyàn ni wọ́n gbà wọlé, níbi tí Kóòṣì ti búra pé kò séèyàn.

Kóòṣì á fèsì, èsì rẹ̀ kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Á ní: ìjọba wo lẹ fẹ́ kó wá ṣọ́ wa? Ṣé Báǹkì Àpapọ̀ tó pàṣẹ lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2021 pé káwọn báǹkì ti àkáǹtì ẹni tó bá ń ṣe kírípítò? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún 2020, tí àkáǹtì àwọn tó ń kówó jọ fún EndSARS di títì, tó jẹ́ pé Bitcoin ni wọ́n fi rówó gbà? Ṣé náírà tí ìjọba tú sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí owó tí òṣìṣẹ́ fi pamọ́ sì wálẹ̀ lójú rẹ̀? Ká má parọ́, ó jàre. Ẹni tó ní náírà lọ́wọ́ nígbà yẹn mọ ìdí tí USDT, kírípítò tó so mọ́ dọ́là, fi wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àṣẹ ọdún 2021 yẹn gbé ọjà lọ. Ọjà ò kú. Ó kúrò nílé-iṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì, ó kó wọ inú WhatsApp, sáàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà tí wọn ò mọra wọn rí. Kí Báǹkì Àpapọ̀ tó yí ohùn padà lóṣù kejìlá ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ́ ọn lára láti gbé owó fún àjèjì torí pé Kóòṣì ní kò séwu. Bí a bá ń wá àwọn tó bí Kóòṣì, ká ka Báǹkì Àpapọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n kàn ní ká má ṣe é ni, wọn ò sọ bí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ṣe máa ṣe é, ìyẹn kì í sì í ṣe àbójútó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi òṣìṣẹ́ ọjà kírípítò Binance kan sí àtìmọ́lé fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2024 ò kọ́ ìyálọ́jà kankan bí a ṣe ń dá ọjà gidi mọ̀ yàtọ̀ sí gbájúẹ̀.

Ọ̀rọ̀ app ìdókòwò CBEX ló bọ́ aṣọ lára Kóòṣì, lóṣù kẹrin ọdún 2025. Ìlérí wọn ni pé owó á di ìlọ́po méjì lọ́gbọ̀n ọjọ́, wọ́n ní òye àtọwọ́dá ló ń bá wọn ṣòwò náà. Sogúndogójì ni, ọmọ ìyá MMM tó tilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lóṣù kejìlá ọdún 2016. Láràárọ̀ tí onítọ̀hún bá ṣí app náà, á rí i tí nọ́ńbà ń gun òkè. Nọ́ńbà lásán ni, ẹni tó ni app ló ń kọ ọ́. Nígbà tí owó ò ṣe é yọ mọ́, wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là san 100 dọ́là sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ san 200, káwọn lè fi mọ̀ pé èèyàn gidi ni. Ìlú tí kì í gba owó orí wá ń gba owó ìdánimọ̀. Ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, àwọn tínú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé àga, wọ́n tú ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri. Ìròyìn ní owó tó bá a lọ lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ohùn Kóòṣì yí padà: “Ìjọba dà? Ṣé EFCC ń sùn ni? Kí ni SEC ń ṣe tí wọ́n fi jẹ́ kí wọ́n jẹ wá run?” Kò mẹ́nu ba iye tó gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó mú wọlé. Wọ́n ní ajẹgbodò ń wá ẹni kúnra. Ti Kóòṣì ju ìyẹn lọ: àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló jẹ gbodò, òun gba kọmíṣọ̀n.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú á ní ẹ̀bi blockchain kọ́ nìyẹn, pé CBEX kì í ṣe kírípítò tòótọ́. Kí oníkálukú di kọ́kọ́rọ́ owó rẹ̀ mú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Apá kan rẹ̀ jóòótọ́. Ìwé owó tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, ó ṣòro kéèyàn tó parọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ń múni fọkàn tánni. Alájọ Ṣómólú tí a fi ń pòwe ọlọ́pọlọ pípé, wọ́n ní kì í kọ orúkọ sílẹ̀. Inú orí ló ń kó ẹni tó dájọ àti iye tó dá sí. Bó bá jẹ́ ìwé tí kò ṣe é parẹ́ ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tí ìbá fún un ní kọ́bọ̀. Wọ́n mọ ilé rẹ̀ ni, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ní ti kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ méjìlá tí a kọ sórí bébà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí omi bá ya wọlé, tàbí tí olówó kú láìsọ fún ìyàwó, kò sí kóòtù tó lè dá a padà. Bí oníṣòwò Gbági bá mọ èyí tó sì gbà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Kóòṣì ló yẹ kó ti sọ fún un kó tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Báǹkì náà sì máa ń kú. Heritage Bank kú lóṣù kẹfà ọdún 2024. Ṣùgbọ́n NDIC, àjọ adójútòfò owó inú báǹkì, san owó fáwọn tó fowó pamọ́ síbẹ̀, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà, torí òfin ti dárúkọ ẹni tí yóò san án kí báǹkì náà tó kú. Kò tó fún olówó ńlá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan wà tí a lè lọ kàn.

Lóṣù kẹta ọdún 2025, kí CBEX tó wó, Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun. Ó ka kírípítò mọ́ ohun tí SEC, àjọ tó ń bójú tó ìdókòwò, lágbára lé lórí, ó sì ní kí ẹni tó bá dá sogúndogójì sílẹ̀ san ó kéré tán 20 mílíọ̀nù náírà tàbí kó fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura. Kóòṣì gbọ́. Kò bú ìjọba mọ́. Ó ti lọ gbàwé ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, irú èyí tí onídìrí náà lè gbà, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀, ó kọ “Ìjọba fọwọ́ sí i” gàdàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ SEC, irú àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọjà kírípítò Busha àti Quidax rí gbà lóṣù kẹjọ ọdún 2024, kò ní ríbi kọ ìbéèrè náà sí. Admin nìkan ló lè fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀.