Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Bí fáìlì bá dàwátì láàárín kọ̀ǹpútà mi àti sáfà tó wà lókè òkun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo máa ń kọ́kọ́ bú. Màá bú àwọn tó ń ta dátà, màá bú àwọn oníná mànàmáná, màá sì bú u dé orí okùn tí wọ́n rì sábẹ́ òkun. Irọ́ ni mo ń pa mọ́ gbogbo wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdààmú tó ń bá ẹni tó ń fi rsync kó fáìlì gba inú ssh, ẹni tó fọwọ́ tẹ àṣẹ ló jẹ̀bi, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ láìwẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí rsync fúnra rẹ̀, èyí tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1996. Ó máa ń wo bí fáìlì ṣe tóbi tó àti ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, ibi tó bá yí padà nìkan ló sì ń fi ránṣẹ́. Irú ẹ̀dá tó ṣọ́ra tó báyìí, báwo ló ṣe wá ń pa odindi fódà rẹ́? Èmi ni mo ní kó pa á. Bí mo bá fi ìlà ìdagẹ̀rẹ̀ sí ìdí orúkọ fódà tí mo ń kó, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni rsync máa dà sọ́hùn-ún; bí mi ò bá fi sí i, fódà náà tòun ti orúkọ rẹ̀ ló máa gbé lọ. Ká wá ní mo fi ìlà yẹn síbi tí kò yẹ, tí mo sì fi --delete kún un: ohunkóhun tó wà lọ́hùn-ún tí kò sí lọ́dọ̀ mi ti di ìtàn. Bí mo bá sì fi ibi tí ẹrù ń lọ sí ipò ibi tó ti ń bọ̀, fódà òfìfo á gbá èyí tó kún mọ́ tónítóní. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. rsync ò gbọ́ irú òwe bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo ṣe rán an ló ṣe ń jẹ́ ẹ.

Pẹ̀lú ssh, ìlẹ̀kùn tí a ń gbà wọ sáfà, ìwà mi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìfura niṣẹ́ tirẹ̀. Tatu Ylönen ṣe é ní Finland lọ́dún 1995 lẹ́yìn tí wọ́n jí pásíwọ́ọ̀dù kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀, kò sì tíì fọkàn tán ẹnikẹ́ni látìgbà náà. Bí àwọn ẹlòmíì bá lè kọ nǹkan sínú fódà ilé mi lórí sáfà, kò ní ka kọ́kọ́rọ́ mi sí. "Permission denied" nìkan ló máa sọ fún mi. Inú àkọsílẹ̀ sáfà ló máa ń tọ́jú ìdí rẹ̀ sí. Ọgbọ́n wo ni mo máa ń dá? chmod 777: mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí ssh lè jẹ́ kí n wọlé, bẹ́ẹ̀ torí ìṣísílẹ̀ yẹn gan-an ló ṣe ń lé mi. Ìkíni tí mo kọ sínú .bashrc, fáìlì tí shell sáfà ń kà bí mo bá wọlé, kí sáfà lè máa pè mí lọ́gàá, náà ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. rsync tọ̀dọ̀ mi àti ti sáfà fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìkíni já lu ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n bá dáṣẹ́ dúró, wọ́n ń bi mí bóyá shell mi mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa burú lóòótọ́. Ó burú, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já kì í pa fáìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ lára, torí inú fáìlì onígbà díẹ̀ ni rsync ń kọ ohun tó ń bọ̀ sí títí yóò fi pé, kó tó fi rọ́pò ti àtijọ́. Bí fódà kan ò bá tiẹ̀ ṣeé kà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ránṣẹ́, rsync máa ń pa --delete tì fúnra rẹ̀. Àwọn míì á ní irinṣẹ́ tó lè fi ìlà kan ṣoṣo balé jẹ́ ló yẹ ká dá lẹ́bi. Ìyẹn fẹ́ẹ̀ mú mi. Àmọ́ irinṣẹ́ yìí kan náà ló fún wa ní -n, tó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe láìtíì ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tó bá wúlò ni n kì í rántí rẹ̀.

Ẹjọ́ kan péré ni mo ti lè jàre. Ẹni tó bá fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì bó ṣe yẹ, "Ọ̀rọ̀" fún àpẹẹrẹ, tó sì ń kó o láti orí Mac tó ń lo ètò ìtọ́jú fáìlì HFS+ lọ sórí Linux, lè bá fáìlì méjì tó jọra bí ìbejì. HFS+ máa ń tú lẹ́tà, àmì abẹ́ rẹ̀ àti àmì orí rẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Linux á fi í sílẹ̀ bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. Lójú wa, orúkọ kan ni; lójú rsync, méjì ni. Àṣẹ --iconv=utf-8-mac,utf-8 ló ń bá wọn yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rsync 3.0.0 ti 2008 ló ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 2.6.9 ti 2006 ni Apple fi sínú Mac fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó kọ Yorùbá rẹ̀ pé pérépéré ló jìyà jù níbẹ̀. Ẹni tó kọ "Oro" lásán, fáìlì tirẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀.