Ẹkùn Tí Wọ́n Sọ Di Èse

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse là ń pè é. Èse tí òwe náà ń wí ni ẹranko kékeré tí ó fara jọ ológbò, fífẹ̀ sì ni kí ẹkùn ranjú, kí ó fi eyín han ẹni tí ó bá ń fi í ṣeré. Ẹkùn ni òwe yìí dá lẹ́bi: kí ó má ṣe dákẹ́ jù, kí ayé má baà fojú dì í. Ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á kò rò ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò ti ẹkùn mọ́ àgọ́ irin, tí yóò rí i dájú pé kò lè fẹ̀ mọ́, tí yóò sì wá máa gba owó lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé pé kí ó wá wo bí ó ṣe ń fẹ̀.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti Òkè-Ìlá tàbí ti Ọ̀rà, tí ó bá fẹ́ fi ojú kan kìnnìún, ìbátan ẹkùn, Ifẹ̀, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé yóò gbé e lọ sí ọgbà ẹranko, ìyẹn ibi tí a ń kó ẹran ìgbẹ́ sí fún ìwòran àti ẹ̀kọ́. Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 1948, nígbà tí ó kó ẹranko díẹ̀ jọ fún àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko, kí ó tó sọ ọ́ di ọgbà gidi ní 1974. Bí ọmọ bá dé ibẹ̀, kìnnìún a máa sùn. Ọmọ a ju ẹ̀pà sí i, kò ní mira; ọmọ a fi igi lu irin, kìnnìún a la ojú kan, a sì tún un dì, títí ọmọ yóò fi bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè bóyá èyí náà ni wọ́n ń kì ní ọlọ́lá ijù.

Ìgbà tí ó bá wá fẹ̀ ńkọ́? Ní Jos, ní December 2015, kìnnìún kan jáde kúrò nínú àgọ́ rẹ̀, ìbọn ni wọ́n sì fi dá a dúró. Ní February 2024, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, kìnnìún pa òṣìṣẹ́ tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i sínú ọgbà náà, wọ́n sì pa kìnnìún. Ní September ọdún kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọgbà ẹranko tó wà níbi ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Abẹ́òkúta, ìbọn náà ni ó sì parí rẹ̀. Ikú òṣìṣẹ́ tí ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹranko kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá rárá. Ìdájọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ó pani lẹ́rìn-ín: bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse ni, bí ó bá fẹ̀, apànìyàn ni, òwe kò sì pèsè orúkọ kẹta sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí pípe kìnnìún ní èse pàápàá kò tó lójú wọn, tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ ajá. Ní November 2019, ní Victoria Island l'Ékòó, wọ́n bá kìnnìún kan nínú ọgbà ilé tí ó wà nítòsí ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, níbi tí wọ́n fi í sí láti máa ṣọ́lé, ó sì di dandan kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oorun gún un kí wọ́n tó lè gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n nínú ká pe ẹranko ní ohun tí kò jẹ́, ìwé àṣẹ tí a fi ń kó ẹranko lọ sí òkè òkun ni ó gba ipò kìíní. Ní 2002, wọ́n kó ọmọ gòrílà mẹ́rin, ẹ̀yà ìnàkí tí ó tóbi jù lọ, láti Nàìjíríà lọ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Malaysia, ìwé wọn sì wí pé ọgbà Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Arúgbó abo gòrílà kan ṣoṣo ni ó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, kò sì ní akọ. Láìsí ọkọ, láìsí oyún tí ẹnikẹ́ni rí, ìyá arúgbó bí ọmọ mẹ́rin lórí bébà, bẹ́ẹ̀ igbó Kamẹrúùnù ni wọ́n ti jí àwọn ọmọ náà kó. Wọ́n gbé wọn lọ sí Pretoria ní 2004, ó sì di 2007 kí wọ́n tó padà sí Limbe, ní Kamẹrúùnù.

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wa jẹ́ aláàánú ẹranko. Awọ ẹkùn tí ó wà láàfin, ẹkùn kọ́ ni ó bọ́ ọ fún wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ìwòran bá ń wù wọ́n, ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Ìlá wà, tí eégún ti fìdí múlẹ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn alárìnjó, ìyẹn òṣèré abẹ́ aṣọ eégún tí ń pidán láti ìlú dé ìlú, a máa di ẹkùn, a máa di ọ̀nì, a máa di ère, ìyẹn ejò ńlá. Nínú idán ère, aṣọ gbọọrọ ni wọ́n rán. Ọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀ a dojú bolẹ̀, a wọ́ nínú eruku, a ká jọ, a tún nà tàntàn, bàtá a sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí àwọn ọmọdé ti ń sá kọlu ara wọn. Ẹkùn aláṣọ a máa fẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ ohun tí èrò wá wò, ó sì mọ ìgbà tí eré yóò parí tí òun yóò lọ jẹun. Àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n fi pàṣán kọ́ kìnnìún láti máa fo òrùka iná lábẹ́ àgọ́ eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti débẹ̀ ni: Bolivia, tí kì í ṣe ara wọn pàápàá, ti fòfin lé gbogbo ẹranko kúrò nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ní 2009, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dúró di 2020 kí ó tó lé ti ìgbẹ́ nìkan.

Ọ̀nà mìíràn wà láti wo ẹranko láìsí àgọ́: bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí ó ń ti Ìlá lọ sí Ifẹ̀ lè gba Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti ń fò láti igi dé igi nínú Igbó Ọ̀ṣun, nítorí pé èèwọ̀ ni láti ṣọdẹ níbẹ̀, láti ìgbà pípẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Àbùkù kan ni ètò yìí ní, tí àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n tó dáwó: bí kò bá wu ọ̀bọ láti yọjú lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò dá owó padà.