Oríkì Ajókòó-Má-Làágùn

Ẹ bá mi wá onílù. Bí àyàn bá ti sùn, ẹ bá mi lu ọmọrí ìkòkò, torí mo fẹ́ ki ìbejì kan ládùúgbò wa. N ò ní dárúkọ ilé wọn. Ní Igbó-Ọrà tiwa yìí, bí mo bá ní Táyé àti Kẹ́yìndé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ta ni yóò mọ ilé tó jẹ́? Kí kálukú yọjú wo yàrá tiẹ̀.

Táyé, Ajókòó-má-làágùn!
Ọmọ atẹ-fóònù-títí-àtàǹpàkò-yọṣan.
Akọni tí í gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lórí ẹní,
tí sálúbàtà ò bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
O mọ iye tí wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù,
o ò mọ̀nà oko bàbá rẹ.
Wọ́n ní o lé ewúrẹ́ nídìí láfún tí ìyá rẹ sá;
o gbé ẹsẹ̀ mẹ́fà, o ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.
Ewúrẹ́ bojú wẹ̀yìn, àánú rẹ ṣe é,
ó bá tiẹ̀ lọ.

Kẹ́yìndé, àgbà ìbejì!
Táyé lo rán wá tọ́ ayé wò;
láti ọjọ́ náà lo ti ń jókòó rán ènìyàn níṣẹ́.
A-gun-ọ̀kadà-lọ-síwájú-ilé!
Lọ́jọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé yín,
ìdí máńgòrò lo wà, ò ń ya fọ́tò.
Wọ́n fọn fèrè kí gbogbo yín sáré;
ìwọ lo kọ́kọ́ délé.

Wọ́n ní ọbẹ̀ ìlasa ló ń jẹ́ ká bí ìbejì nílùú wa. Ọbẹ̀ tó ń bí ajókòó ni n kò tíì mọ̀.

Ẹ má sì rò pé àwọn méjèèjì dá wà o. Ní 2013, Grant Tomkinson, ọ̀mọ̀wé kan ní Ọsirélíà, ṣe àkójọ àyẹ̀wò eré sísá tí wọ́n ti ṣe fún ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 25 ní orílẹ̀-èdè 28, láti 1964 sí 2010. Ó ní bí ọmọ ìwòyí bá sáré máìlì kan, yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ pẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà ka ti 2016: nínú ọmọ ọdún 11 sí 17 lágbàáyé, 81 nínú 100 ni kì í mira tó wákàtí kan lóòjọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́rin! Ìdánwò wo ni wọ́n ti gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí?

Ọdún 2013 yẹn náà ni WHO fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ Ìdèrè, ìlú tó múlé tì wá, ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Aràn funfun bí òwú yóò yọrí lẹ́sẹ̀ ọmọ. Wọn yóò wé e mọ́ igi tín-ín-rín, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Wọn kì í fà á tagbáratagbára, kó má baà já sínú. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ọmọ ò ní lè dé ilé-ìwé, kò ní lè dé oko. Omi adágún tí wọ́n ń mu ló fà á. Kànga dé, wọ́n ń fi aṣọ sẹ́ omi, sòbìà sì káńgárá rẹ̀, ó lọ.

Táyé, Kẹ́yìndé, ẹlẹ́sẹ̀ dídán tí sòbìà ò bá!
Ẹsẹ̀ tí ọmọ Ìdèrè ń sunkún wá,
orí tábìlì lẹ gbé e lé.

Ìyá wọn ní kí n sinmi ariwo, kí n sọ ẹni tó ń fún wọn lówó ọ̀kadà. Èmi ni. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí wọ́n kàwé. Pápá tí èmi àtẹgbẹ́ mi ti ń sáré lálẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti gé e tà ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Ọ̀kan níbẹ̀, tèmi ni. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí i, ọ̀kan ṣì ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ háyà kó tètè wá. Ibẹ̀ dáa fún ẹni tó ń ta fóònù.