Igi Kò Dá, Ejò Kò Kú

Àwọn àgbà ní ká pa ejò, kí igi má dá. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí ilé ọtí kan ní Ekpè, lẹ́bàá títì tó ti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wo bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe pín òwe náà sí méjì, tí wọ́n mú ìdajì tó wù wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni kan á sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù zémidjan, àpò gígùn léjìká. Á fa ọ̀pá billard méjì yọ: ọ̀kan fún ayò, èkejì fún ìtúká nìkan, ìyẹn gbígbá àkọ́kọ́ tó ń tú bọ́ọ̀lù ká. Á nu ọ̀pá ìtúká, á fi ṣọ́ọ̀kì ra orí rẹ̀. Gbogbo ilé ọtí á dákẹ́. Á wá gbá a tagbáratagbára; bọ́ọ̀lù funfun á fò kúrò lórí tábìlì, ó di abẹ́ àga ìyá ẹlẹ́ja díndín.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un.”

“Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé kí n kúkú bá ẹ dín in ni?”

Ká má purọ́ mọ́ ọ̀pá ìtúká, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awọ ló wà lórí ọ̀pá ayò. Ará Faransé kan, François Mingaud, ló sọ awọ yìí di gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Awọ náà ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí bí a ti fẹ́. Bí a bá ń fi í túká lójoojúmọ́, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá olórí líle tí yóò máa gba ìyà yẹn jẹ. Igi kò ní í dá nìyẹn. Ejò ńkọ́?

Ejò ni bọ́ọ̀lù 15 tó tò sí iwájú wa. Òfin àgbáyé ní bí ìkankan ò bá wọ ihò nígbà ìtúká, mẹ́rin ó kéré tán gbọ́dọ̀ kan etí tábìlì. Òfin gba ọ̀pá láyè dé nǹkan bíi gíráàmù 708, làwọn èèyàn wa bá ní èyí tó wúwo jù ló dáa jù. Bí ọ̀pá bá wúwo ní ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po méjì. Bí ó bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìtúká kò fi ju gíráàmù 510 sí 600 lọ. Èyí tó bá ń dí apá lọ́wọ́, ẹrù lásán ni.

Bàbá kan á dìde, á kó àwọn ọ̀pá ilé ọtí lára ògiri. Afẹ́fẹ́ òkun àti ti ọ̀sà kì í jẹ́ kí igi dúró ṣánṣán ní Ekpè, nítorí náà á yí wọn lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ta gẹ́gẹ́ ló ń mú. Á fi àtàǹpàkò tẹ awọ rẹ̀ wò, á gbá bọ́ọ̀lù iwájú láàárín gan-an, láìjágbe mọ́ ọn. Méjì á wọ ihò. Funfun á dúró sí àárín tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́ á ní oríire ni.

Irú wọn ló ń ra kámẹ́rà olówó gọbọi kó tó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá ìtúká, kó kọ́kọ́ fi ti ara ògiri gbá bọ́ọ̀lù iwájú láàárín títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn, kó wá rà á. Bí kò bá lè ṣe sùúrù yẹn, kó kó owó náà fún ẹni tó ń nà án ní tààrà. Ibẹ̀ náà ni yóò já sí.