Bọ̀dá Yankí

Àdúgbò wo ni kò ní Bọ̀dá Yankí tirẹ̀? Ti Pleasure, létí títì Èkó sí Abẹ́òkúta, fìlà Yankees ló máa ń dé, oòrùn ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. Bésíbọ́ọ̀lù ni ẹgbẹ́ Yankees ń gbá ní New York. Bọ̀dá Yankí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a, ìdí òkìríkà ló ti ṣa fìlà. Ìrìnàjò rẹ̀ tó jìn jù, bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ló pin sí.

Ohùn rẹ̀ nìkan ló ti rí físà gbà. Bí kọ̀ńdọ́ bá ní, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o," á ránmú dáhùn títí kọ̀ńdọ́ á fi bi èrò iwájú pé kí ni bọ̀dá yẹn ń wí.

Lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà, wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò láti orí ti 2015, torí àwọn ọmọ wa tó wọ ibẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún ti lé ní 50,000. Bọ̀dá Yankí ò gbà. Bí oṣù kẹwàá bá ti dé, á lọ ya fọ́tò tuntun, kí etí méjèèjì hàn dáadáa.

Aago tọ̀hún náà ló ń tẹ̀ lé. Lóṣù kejì, aago méjìlá ààbọ̀ òru ló ń tan jẹnẹrétọ̀ láti wo bọ́ọ̀lù Super Bowl ti Amẹ́ríkà, gbogbo ilé a sì bá a jí.

Ti oyún ìyàwó rẹ̀ ló wá burú jù. Ní 2008, obìnrin Amẹ́ríkà kan, Jenna Karvunidis, gé kéèkì lójú ẹbí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá akọ tàbí abo ni òun máa bí. Àṣà náà tàn kálẹ̀. Ní 2019, òun fúnra rẹ̀ ní ó ń ká òun lára pé òun dá a sílẹ̀. Ìròyìn kejì yìí ò tíì dé Pleasure. Bọ̀dá Yankí ra fèrè ńlá, ó ní kí wọ́n rọ lẹ́búlẹ́bú sí i, ó pe èrò.

"Àkànní, ta ní ń fi oyún han ayé?" ìyá rẹ̀ bi í. "Ọmọ tí a ò tíì kó jáde?"

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀."

Fèrè bẹ́ gbàù! Lẹ́búlẹ́bú píǹkì bo gèlè ìyá, ó bo àwo mọ́ínmọ́ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé Amẹ́ríkà ní tòótọ́, ní Houston, níbi tí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Ó pè pé kí àbúrò òun fi èlùbọ́, irú àti aṣọ òkè ránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi èlùbọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà?"

"Orí ẹ pé ṣá? Mo fẹ́ rò ó jẹ ni!"

Ó gbọ̀nà ọjà Òkè-Odò. Níwájú ìyá ẹlẹ́lùbọ́, kò ránmú mọ́: "Ìyá, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi dín in kù. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́ o, Amẹ́ríkà ló ń lọ."

Ìyá ṣíwọ́ wíwọn. Ó ní tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ń lọ, iye tí òun kọ́kọ́ pè ti yí padà.